Orúkọ Táíwò Ni Yóò Ṣáájú

Bàbá Ìbejì, bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kánádà níbí. Mo kí Ìyá Ìbejì, ìyá tó bí wa. Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Mo kí gbogbo ará Igbó-Ọrà. Kẹ́hìndé nìkan ni mi ò kí. Inú ń bí mi sí i, inú ń bí mi sí ẹ̀yin náà, mi ò sì ní fi ẹ̀rín bò ó. Gbangba ni mo gbé lẹ́tà yìí sí, nítorí gbangba Yídì lẹ ti ní kí lémọ́ọ̀mù ṣàdúà fún Kẹ́hìndé pé ìwé rẹ̀ ti kárí ayé.

Ìwé ta ni, Bàbá? Ojú yín ló ṣe nígbà tí mò ń gun ọ̀kadà lọ sí Ayétẹ̀ àti Tápà, tí mo gbé kúlà oníyìnyín lé itan, tí mò ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún kí n lè mọ ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn máa ru. Òjò pa mí títí ikọ́ fi dá mi dùbúlẹ̀. Kẹ́hìndé wà ní yunifásítì tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ, kò gba ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan. Nígbà tí mo kọ ìwé ìwádìí náà tán, ó bá mi tún Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ṣe. Mo dúpẹ́, mo ní orúkọ rẹ̀ á tẹ̀lé tèmi. Ló bá wá fẹjọ́ sùn yín.

Ẹ pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ ní lóòótọ́ èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ló rán mi kí n lọ tọ́ ayé wò, òun lẹ̀gbọ́n, a kì í to orúkọ ká fi àbúrò ṣáájú. Mo ní ìwé ìwádìí kì í ṣe àwo ẹran tí àgbà ti ń kọ́kọ́ mú. Ẹ ní ṣé torí mo kàwé ni mo fi ń gbó yín lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ṣe bọ́ síwájú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi. Nínú iṣẹ́ tiwa, orúkọ tó bá ṣáájú ló ni ìwé. Bí ẹlòmíràn bá lo ohun tí a rí, orúkọ yẹn ni yóò pè, yóò wá fi “àti àwọn yòókù” lé e. Bí wọ́n bá ṣe ń pe orúkọ èèyàn tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Wọ́n ń pe Kẹ́hìndé káàkiri ayé. Èmi ti di àwọn yòókù. Láìpẹ́ yìí ni mo ka ìwé obìnrin kan ará Íńdíà tó ń yin iṣẹ́ ribiribi tí Kẹ́hìndé ṣe láàárín àwọn aboyún Ìbàràpá. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Yìnyín ń bọ́ níta, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá mi níbí pè mí jókòó, ó ní òun ò rí ìwé kankan tó jẹ́ tèmi. Bí èyí tó ń bọ̀ náà ò bá jẹ́ tèmi, iṣẹ́ tán nìyẹn, ibẹ̀ sì ni owó oògùn Ìyá Ìbejì ti ń wá. Ìwé kejì ti wà nílẹ̀, látinú ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ẹ̀yin náà wá pè mí lórí fóònù. Ẹ ní Kẹ́hìndé fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, kí n tún fi orúkọ rẹ̀ síwájú, bí mo bá kọ̀, kí n má pè yín ní bàbá mọ́.

Mo kọ̀, Bàbá, mo sì ń pè yín ní bàbá síbẹ̀. Mo ti fi ìwé náà ránṣẹ́. Orúkọ mi ló ṣáájú. Ti Kẹ́hìndé ò sí láàárín, kò sí lẹ́yìn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Kí Ọlọ́run fún ẹ̀yin àti ìyá mi ní ẹ̀mí gígùn. Tinútinú ni mo fi ṣe àdúà yẹn. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé. Kí ẹ sì bá mi jíṣẹ́ kan fún ẹni tí ẹ ní ó rán mi wáyé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jáde, mo ké, kó lè gbọ́ pé ọ̀nà là. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní ké. Kó jáde wá tọ́ ayé wò fúnra rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ́wọ́,
Táíwò.