Òjò Tí Nawangsih Rọ̀ Lé Wa Lórí

Nawangsih ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú wàhálà ìlú Jakata. Allah kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ níbi tí o ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ. Ara àwa náà le, àfi orúnkún bàbá rẹ tó ń ké bí ilẹ̀kùn. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì.

Ọmọ mi, inú ti ń bí wa sí ọ tẹ́lẹ̀, n kò ní fi bò. Nígbà tí o kọ́kọ́ ní módẹ́lì lo ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, bàbá rẹ ń yangàn káàkiri pé ọmọ òun ń wọṣọ kí wọ́n lè yà á ní fọ́tò, Bu Tumirah aládùúgbò wa sì ń bi wá pé ṣé Nawangsih tó lápá bí ọkùnrin yìí náà ni. Àfi bí o ṣe tún pè pé o kó abúlé wa sínú kọ̀ǹpútà, o rọ òjò ńlá lé e lórí, omi sì wọ ilé wa dé orúnkún. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré lọ fọwọ́ kan ilẹ̀ yàrá, ó gbẹ. Bàbá rẹ ní kí la fi ṣe ọ́, tó jẹ́ pé nínú gbogbo ilé tó wà ní erékùṣù Jáfà, ilé baba tó bí ọ lo rí rọ òjò lé.

O tún ní kí bàbá rẹ má da sìmẹ́ńtì tó fẹ́ dà síwájú ilé nítorí ìgbéyàwó Ningrum àbúrò rẹ, pé kó gbẹ́ kòtò fífẹ̀ sápá ìsàlẹ̀, kó da iyanrìn sí i, kó gbin kókò àti koríko sí i, pé o ti gbẹ́ ẹ nínú kọ̀ǹpútà, o tún rọ òjò, ilé wa sì gbẹ. Ta ló ń gbẹ́ kòtò síwájú ilé ìyàwó? Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n wá tọrọ Ningrum, omi òjò gbé bàtà ìyá ọkọ lọ, ó sì búra pé bí omi bá tún kan ẹsẹ̀ òun nílé wa, òun á mú ọmọ òun padà sílé. Ningrum sunkún títí bàbá rẹ fi gbé ọkọ́, tó gbẹ́ kòtò náà bí o ṣe wí.

Mbah Karto, bàbá arúgbó tó ń bá wa lé òjò bí a bá ń ṣe ìnáwó, gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá kí wa. Wọ́n ní àwọn mọ bí a ṣe ń lé e, àwọn ò mọ bí a ṣe ń pè é, pé ṣé ẹ ò lè jọ ṣe é, kí ìwọ máa rọ̀ ọ́, kí àwọn èèyàn máa wá pe àwọn láti lé e.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Mbah Karto fi igi gún ata àti àlùbọ́sà mọ́lẹ̀ nídìí àgọ́ kí òjò má baà rọ̀, bí ìṣe wọn. A kò tíì jẹun tán tí òjò fi dé, òjò tí ń pariwo! Mbah Karto ní kì í ṣe òjò tí àwọn mọ̀, ti Nawangsih ni. Ìyá ọkọ gbé ẹsẹ̀ lé àga. Ningrum di ọwọ́ mi mú. Omi sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó yà sínú kòtò, ó dúró láàárín kókò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá ọkọ sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó sọ èkejì, ó ní ó mà gbẹ o! Ni bàbá rẹ bá bọ́ sínú òjò tòun ti aṣọ ìnáwó, ó ń jó, ó ń ké pé ọmọ òun ló ṣe é, ọmọ òun ni módẹ́lì! Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Ìwọ nìkan la ò rí.

Ìyá ọkọ ní kí o jọ̀ọ́, rọ òjò lé ilé tiwọn náà, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò gbẹ́. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún aṣọ bàbá rẹ, ẹrẹ̀ ti bà á jẹ́. A ó sì gbin ìrẹsì láìpẹ́, bí ọwọ́ rẹ bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà, rọ òjò kékeré fún wa, má rọ ti ńlá yẹn. Allah yóò fún ọ ní ọmọ tí yóò mú ìwọ náà jó nínú òjò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sumarni.