Àbá Wa Kò Kú

                                                  Yàrá Onítábìlì Méjì,
                                                  Ẹ̀ka Ìṣirò, Àjà Kejì.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Baba Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kó o sùn? Ikọ́ tó ń dà ẹ́ láàmú ńkọ́? Ara tèmi le, àfi pé mo ti ń pariwo láti àárọ̀, ohùn mi ti há. Jókòó kó o tó ka èyí tó kù. Àbá wa kò kú!

Ó kù díẹ̀ kó kú lóòótọ́. Ṣé o rántí àwọn nǹkan tá à ń pè ní Akúbópẹ́, tó jẹ́ pé bá a bá ń sọ wọ́n di púpọ̀ nípa ara wọn léraléra, bó pẹ́ bó yá, wọ́n á di òdo? Èmi àtìẹ la jọ sọ pé ká má wulẹ̀ dúró kí wọ́n kú lójú wa. Ká mú wọn wọ àwọn gúrúùpù kéékèèké tó wà nínú gúrúùpù ńlá, ká wò wọ́n níbẹ̀. Èyí tó bá di òdo nínú gbogbo wọn, Akúbópẹ́ ni. O sì ní ọjọ́ tí àbá yìí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ lo máa padà wá parí ẹ̀kọ́ rẹ.

Àfi àlejò onímọ̀ kan tó kọ̀wé kún pátákó wa lánàá! Ó ní òun rí ọ̀kan tó di òdo nínú gbogbo gúrúùpù kéékèèké, síbẹ̀ bó o sọ ọ́ di púpọ̀ títí ayé, kò ní kú. Họ́wù! Ìyá Ẹ̀rí, ọ̀gá wa tí kì í gba nǹkan kan gbọ́ láìbéèrè pé "Ẹ̀rí dà?", kàn bọ́ awò ojú wọn ni. Èmi fẹ́ bú sẹ́kún.

Àárọ̀ yìí lojú mi là. Nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ nìkan ni ọkùnrin yìí fi wá gúrúùpù kéékèèké! Ṣebí ìwọ lo máa ń jágbe mọ́ mi pé irú gúrúùpù tiwa yìí máa ń fi àwọn kéékèèké inú ẹ̀ pamọ́ bí ọmọ, pé àfi ká fi nọ́ńbà tuntun kún àwọn tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó yọjú? Mo fi ẹyọ kan kún un. Gúrúùpù kékeré kan yọ gànbọ̀. Mo mú ẹni tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá wọbẹ̀, kò di òdo! Kì í ṣe Akúbópẹ́ rárá, ibi tá a ní ó máa hàn náà ló ti hàn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo já wọ ọ́fíìsì Ìyá Ẹ̀rí láìkanlẹ̀kùn, mo bá àlejò náà níbẹ̀ tó ń mu kọfí. Àwọn méjèèjì yẹ iṣẹ́ mi wò láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ojú ti òun, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìyá Ẹ̀rí wá béèrè pé ta ló kọ́ mi láti máa wá ọmọ tó fara pamọ́. Mo ní ọ̀rẹ́ mi tó lọ tọ́jú ìbejì ni.

Wọ́n tún bi mí pé, "Tábìlì ẹ̀ ńkọ́? Ẹlòmíì ti gbà á?"

Mo ní rárá o, pé àpótí mi ni mo gbé lé e kẹ́nikẹ́ni má bàa jókòó síbẹ̀.

Bá mi kí Baba Ìbejì, kó o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Mo ti gbé àpótí náà kúrò.

                                                  Èmi ni tìẹ títí láé,
                                                  Aláriwo.