Òrí Inú Jíà

Basit, àbúrò mi ní Kánádà,

Gbogbo ilé kí ọ o. Mo kí Hajarat ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. A ti wa iṣu oko wa ní Ìrẹsà tán, orúnkún mi sì ti dẹ̀ díẹ̀.

Jíà tuntun tí o fi ránṣẹ́ dé. Mo ti fi rọ́pò èyí tí eyín rẹ̀ ká nínú ọkọ̀ ìṣeré onírìmóòtù rẹ tó ń gun àpáta, èyí tí o fi sílẹ̀ nílé. Waliyat ọmọ mi, tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ní, “Bàbá, gíríìsì ni wọ́n ń fi sí i o!” Mo ní òrí tí mo fi ń pa orúnkún tó o. Mo bá fi òrí kún inú rẹ̀.

Láàárọ̀, nínú ọyẹ́, ọkọ̀ ń kùn lásán, táyà kò yí. Mo rò pé mo ti ba ohun tí o fi òógùn rà jẹ́. N kò lè jẹun. Nígbà tí oòrùn mú, Waliyat tún tẹ rìmóòtù wò, ni ọkọ̀ bá gun àpáta ẹ̀yìnkùlé lọ! Òrí ló dì nínú ọyẹ́, tí oòrùn wá yọ́ ọ.

Waliyat ní, “Bàbá, jíà yìí náà ń yá oòrùn bí orúnkún yín!”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. A ti fọ òrí náà kúrò. Bá mi fi gíríìsì ránṣẹ́. Orúnkún mi ló ni òrí tó kù. Ọlọ́hun á mú ọ wálé láyọ̀, kí o fọwọ́ ara rẹ tẹ rìmóòtù ọkọ̀ rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àlàmú