Òdòdó Tí Ìyá Rẹ Fi Ọwọ́ Òsì Hun

Agbo-ilé Alágbàdo,
Ìlọrà.

Hamidah ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run fún ọ, fún ọkọ rẹ àti fún àwọn ọmọ. Mo kí yín kú ọyẹ́, tí wọ́n ní ó ń fa ètè ya lọ́dọ̀ yín ní Àbújá ju tiwa lọ. Bí ẹ bá ṣe ń fi ẹsẹ̀ ara yín jáde láàárọ̀ ni ẹ ó máa fi ẹsẹ̀ ara yín wọlé, ohun tó ń dẹ́rù ba ọmọ aráyé kò ní mọ ojúlé yín, àmín. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, a ń dúpẹ́. A ti wa gbogbo iṣu tó kù lóko, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì bímọ, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa, èyí pupa náà ti ń jalè.

Má jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Nathaniel, ọkọ Morìnsọ́lá tó ń gbé ilé tó kọjú sí tiwa, ló ń bọ̀ ní Àbújá fún ìpàdé ibi iṣẹ́ rẹ̀, mo wá ní kí ó bá mi mú un dání, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, fóònù yìí kò sì ní sùúrù. Ẹ̀ẹ̀kan tí o pe èyí tí a fi ń rí ojú ara ẹni, o kígbe pé etí mi nìkan lò ń rí. Ọmọ mi, etí ni a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ibo ni o fẹ́ kí n gbé e sí? Báńkì náà kọ̀wé sí mi nínú rẹ̀ pé kí n má ṣe sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún ẹnikẹ́ni. Ọmọlúàbí kì í gba ìkìlọ̀ kó má dúpẹ́, mo wá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí wọn pé kí ọkàn wọn balẹ̀, n kò ní sọ ọ́, torí èmi alára ti gbàgbé rẹ̀. Wọn kò tíì fèsì.

Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ nìyí. Ìgbà tí o pè kẹ́yìn, o bínú sí mi. O ní n kò jẹ́ kí o bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀, o ní tí oṣù bá parí, o máa rán mọ́tò wá gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹ, pé ọkùnrin tí kò wọ ilé ìdáná rí láyé rẹ̀ kò lè tọ́jú ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe. N kò dá ọ lóhùn, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àti nítorí pé ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ń mi orí. Òun fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ gba fóònù. Ṣé o rántí ìgbà tí ó gbà á kẹ́yìn? Ó bá ọ sọ̀rọ̀, o ní kí lẹ wí, Màámi, o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára níbẹ̀ yẹn, o sì gé e. Hamidah, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹnu rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ń jáde, ṣùgbọ́n ó ń jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa omi láti inú kànga tó ti ń gbẹ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gba fóònù lọ́wọ́ mi mọ́.

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀yọ́ bí o ṣe ní kí n ṣe. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ fọ́ọ̀mù bi mí pé kí ni ímeèlì mi, mo ní láti Ìlọrà dé ọ̀dọ̀ wọn, kò lè ju máìlì mẹ́rin lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan kan, n kò mọ̀ bóyá mẹ́rin náà ló kọ. Dókítà ní ẹsẹ̀ yóò padà sípò, ó sì ti ń padà, ó ń rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún ni kí a má fi sílẹ̀ láìríṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú ló ń pa ìyá rẹ ju ọwọ́ náà lọ. Àwọn èèyàn á wá kí i, wọ́n á mú ọsàn wá, wọ́n á mú ẹyin wá, òun tó kọ́ gbogbo yín pé ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ọwọ́ òsì ló kù tí yóò nà sí wọn. Nígbà tó yá, ó ní kí n máa ti ilẹ̀kùn, kí n máa sọ pé òun sùn. Ó sì kọjú sí ògiri. Ìyá rẹ, Àlàkẹ́ tó ti hun fìlà fún gbogbo ọmọ tuntun àdúgbò yìí, tí kò sí ìkómọ tí wọn kì í ti pè é.

Èmi wá bọ́ sí ìdí ààrò. Ẹ̀wà àkọ́kọ́ tí mo sè, ewúrẹ́ gan-an yí imú kúrò níbẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀ báyìí, àmọ́ sísọ ìkòkò kalẹ̀ ni kò tíì wọ̀ mí lára. Ìṣẹ́tí bùbá mi ni mo fi dì í mú, iná mú bùbá. Mo fi fìlà dì í mú, ooru náà kọjá sí mi lọ́wọ́, àsáró da sílẹ̀, ìka mi sì bó. Mo pariwo. Ìyá rẹ tó kọjú sí ògiri yí padà. Ó ń wo ọwọ́ mi, omi sì dé ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni Morìnsọ́lá wá kí wa nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́. Ó rí ọwọ́ mi, ó ní kí ló dé, mo sọ fún un. Ó lọ, ó padà dé tòun ti òwú pupa, òwú funfun àti abẹ́rẹ́ ìhunwú tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, èyí tí àwọn obìnrin fi ń ṣe kúróṣé. Ó ní òun ti rí olùkọ́ kan nínú fóònù tó ń hun aṣọ ìgbékòkò tó rí bí òdòdó, ọwọ́ òsì ni obìnrin náà sì fi ń hun ún. Mo wò ó, òótọ́ ni. Mo ní ṣé wọn kò bá a wí nígbà tó wà lọ́mọdé ni? Ìyá rẹ ti gbé orí sókè kúrò lórí ìrọ̀rí, ó ń wo ọwọ́ obìnrin náà bí ẹni rí ará ilé rẹ̀ lọ́jà àjèjì.

Mo kí obìnrin inú fóònù náà pé ẹ kú iṣẹ́, kò dáhùn. Mo tún kí i, ó kàn ń hun tirẹ̀ lọ ni. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ó ní ìgbéraga díẹ̀. Àṣé mo ṣì í gbọ́. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásàrì, Morìnsọ́lá tẹ ojú fóònù, obìnrin náà sì dúró jẹ́ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lókè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. A ṣe àlùwàlá, a kírun, a ṣe àdúà, ìgbà tí a sì fi máa padà, ibi tí a fi í sí gan-an ló wà. Nígbà tó kọ́ni tán, ó bẹ̀bẹ̀ pé ẹni tó bá gbádùn ẹ̀kọ́ náà kó jọ̀ọ́, kó tẹ agogo. Lẹ́yìn gbogbo sùúrù tó ṣe fún wa! Mo dìde lọ bá ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lódìkejì ọ̀nà, mo yá agogo wọn, mo sì lù ú níwájú fóònù dáadáa. Àwọn ọmọ tó dúró fún lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ rò pé wọ́n ti jáde, wọ́n gbé báàgì, wọ́n tú yáyá. Ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àmọ́ ẹ̀rín ni, Hamidah, ẹ̀rín rẹ̀ gan-an tí o mọ̀.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Wọ́n á kọ́kọ́ hun inú òdòdó, yóò rí róbótó bí ìdérí ife, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa hun ewé rẹ̀ yí etí ká lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì nípọn kí ooru má baà kọjá. Ọwọ́ òsì ló ń fa òwú, ọwọ́ ọ̀tún tó kú yẹn ni yóò di iṣẹ́ mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń bọ́ ṣáá, èmi ló jókòó síwájú rẹ̀, tí mò ń bá a dì í mú bí ẹni bá alápatà di ẹran. Nígbà tó ṣe, ó ní kí n gbé ọwọ́ mi kúrò.

Ó hun ọ̀kan tán. Ewé kan fẹ̀ bí etí erin, èyí tó tẹ̀ lé e kò ju èékánná lọ. Mo kígbe pé ó dára, pé n kò rí irú rẹ̀ rí, pé obìnrin inú fóònù kò tó o. Ó wò mí, ó wò mí pẹ́. Ó wá mú ìdí òwú náà, ó fà á, gbogbo rẹ̀ sì tú palẹ̀ lójú mi. Ó dùn mí, mo jáde lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ewúrẹ́. Nígbà tí mo wọlé, ó sọ ọ́ fún mi, ó sì pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán, pé kí n má tan òun, òun mọ èyí tó dára. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ni à ń yìn nígbà tó bá ṣubú. Ìyá rẹ ti rìn kí ẹsẹ̀ tó dùn ún, kò sì fẹ́ kí a fi òun ṣe ọmọ ọwọ́.

Èkejì ló dára. Inú rẹ̀ pupa, ewé rẹ̀ funfun, mo sì fi sọ ìkòkò kalẹ̀, ooru kò kàn mí. Ọjọ́ náà ni Ìyá Ṣàràfá, àgbà agboolé wa, yọjú. N kò tíì ráyè ti ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ bu àsáró sínú abọ́, ó fi òdòdó náà gbé e nísàlẹ̀, ó sì nà án sí màmá náà pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Mo fẹ́ sáré gbà á. Ìyá Ṣàràfá kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó kó ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sẹ́yìn, ó na ọwọ́ òsì, ó fi gbà á, ó sì jókòó, ó ń bu àsáró jẹ, ó ń sọ bí iṣu ọdún yìí ṣe dùn. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti ti ilẹ̀kùn mọ́.

Mo wá bi í léèrè ọ̀rọ̀ Àbújá. Mo ní ibo ló fẹ́ gbé? Ó bẹ̀rẹ̀, ó ní ilé, ó dúró. Mo ní ilé Hamidah? Ó pòṣé. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ní ilé. Mo ní ilé ìwòsàn? Ó gbá mi lórúnkún. Mo wá pa ẹnu mi mọ́. Ó pẹ́, mo ń gbọ́ bí àwọn adìyẹ ṣe ń ta ilẹ̀ níta. Ó ní ilé mi. Nítorí náà, ọmọ mi, má rán mọ́tò wá. Ó ní òun yóò wá kí yín tí òun bá lè gun àtẹ̀gùn yín láìjẹ́ pé wọ́n gbé òun.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ rán Nathaniel padà fún epo àti èédú, kí o sì bá ìyá rẹ ra òwú, òwú gidi, kì í ṣe oní-rọ́bà tí iná ń yọ́, pupa àti aláwọ̀ ewé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní òdòdó kan kí n fi sínú lẹ́tà yìí, ó ní rárá, ewé kan wà tí òun kò tíì fẹ́ràn. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni òun yóò pè ọ́. Orúkọ rẹ ni yóò kọ́kọ́ pè, yóò sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Jọ̀ọ́, má bá a pè é.

Ọlọ́run Ọba yóò ṣọ́ ìwọ àti ilé rẹ, yóò fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ yín. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ tìrẹ náà bá ń pẹ́ lẹ́nu, wàá rí ẹni tí yóò jókòó gbọ́ ọ tán. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abdulwaheed.