Ògbómọ̀ṣọ́ Ti Na Ìlọrin

Ìyá mi, ẹ kú oríire iná o! Àbúrò mi Haneefah fi fóònù gba ohùn ránṣẹ́ sí mi, mo sì gbọ́ bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pariwo, "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Mo fò sókè lẹ́nu iṣẹ́, àwọn òyìnbó ń wò mí.

Anas, ọmọ Ìlọrin tá a jọ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, kì í jẹ́ n sinmi látìgbà tí iná ti lọ nílùú méjèèjì. Á ní, "Ògbómọ̀ṣọ́ yín ò ní ríná mọ́ láyé!" Èmi náà á ní, "Ìlọrin ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin ń rí ẹsẹ̀ ara yín lálẹ́ ni?" La bá ṣàdéhùn pé ẹni tí iná ìlú rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé ni yóò máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tó wà ní yàrá wa. Bùrọ̀dá Ọládépò, ará Ọ̀yọ́ tó ń sùn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ló ṣe adájọ́.

Anas ní irọ́ ni Haneefah ń pa, àfi tóun bá rí fọ́tò gílóòbù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó yà á kíákíá, kí wọ́n tó tún mú iná lọ!

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń sùn dáadáa. Tòní á tiẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ọmọ yín,
Basit