Ibi Tí Omi Ìwẹ̀ Rẹ Àkọ́kọ́ Dà Sí

                                        Abúlé Bayandalai,
                                        Gúúsù Gobi,
                                        Ilẹ̀ Mòǹgólíà.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 2019.

Sandag, ọ̀rẹ́ tí a jọ da ràkúnmí dàgbà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Iṣẹ́ irin ní Kòríà ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Àwa náà wà níbí. Ẹran ti sanra, iké àwọn ràkúnmí dúró ṣánṣán, ìrì dídì ò sì tíì bọ́. Èmi ṣì ni mo ń mú àwọn àlejò yí ká ọgbà ìjọba tó wà ní aṣálẹ̀ wa, Ẹ̀gbọ́n Gonchig ṣì ń wà wá, ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń hó bí ìkòkò tíì.

Ọ̀rọ̀ màmá rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, fara balẹ̀ kà á. Ojú wọn ti ń lọ. Dókítà ní Dalanzadgad sọ pé ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù níbẹ̀ kò ní kọjá ìgbà òtútù yìí. Màmá ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Mo ti sọ ọ́, kí wọ́n máa bínú sí mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá bá mi. Wọ́n wọ ẹ̀wù ṣẹ́dà wọn, wọ́n gbá àpò kan mọ́ àyà, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá àwọn àlejò lọ ìrìn àjò ọlọ́jọ́ kan. Mo ní kí wọ́n má sanwó, wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹrù. Tíṣà kan àti ìyàwó rẹ̀ láti Darkhan ni wọ́n jọ jókòó. Òkè iyanrìn tó ń kọrin ni tọkọtaya yẹn tìtorí rẹ̀ wá.

A kọ́kọ́ dúró nídìí òkìtì òkúta tí a fi ń bọ òkè ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà àfonífojì. Màmá di apá ẹ̀wù mi mú, a yí i ká. Tíṣà la ẹnu, ó dárúkọ òkè náà gbangba lójú òkè. Ẹ̀gbọ́n Gonchig kọjú sí i.

“Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ níwèé. Ṣé orúkọ lẹ fi ń pe bàbá yín ni?”

Tíṣà bẹ̀bẹ̀, ó gbé òkúta mìíràn lé òkìtì náà, a sì tẹ̀ síwájú.

Mo rò pé mo mọ ohun tí màmá ń wá. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lọ kí ibùdó ìgbà òtútù yín, níbi tí wọ́n bí ọ sí, kí ojú tó ṣú wọn pátápátá. Mo ní kí Gonchig yà síbẹ̀. Ògiri òkúta rẹ̀ ṣì dúró, ìgbẹ́ ẹran gbígbẹ ṣì nípọn nílẹ̀. Mo gbé abọ́ wàrà lé màmá lọ́wọ́ kí wọ́n ta á sílẹ̀ fún ilẹ̀. Wọ́n gbóòórùn afẹ́fẹ́ ibẹ̀ díẹ̀, wọn ò ta wàrà náà sílẹ̀.

“Tsermaa, ibí kọ́.”

“Ibí ni, màmá. Ojú mi ni Sandag ṣe dùbúlẹ̀ síbí, tó yí gbirigbiri lórí ilẹ̀ yìí láti dágbére fún ilẹ̀ ìbí rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ Kòríà.”

“Èmi náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀ ló yí lórí.”

Mo jókòó. Wọ́n wá sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí. Lọ́dún tí ìrì dídì pa ẹran nípakúpa, àwọn òbí rẹ ṣí kúrò níbùdó. Bàbá rẹ sáré tẹ̀lé àwọn ràkúnmí tó ṣìnà, ìrọbí sì mú màmá nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta méjì tó fara ti ara wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọ sí, tíì dúdú ni wọ́n fi wẹ̀ ọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n dà á sí. Ojú ti bàbá rẹ pé òun kò sí níbẹ̀. Ó sọ fún gbogbo ayé pé inú ibùdó bàbá òun ni wọ́n bí àkọ́bí òun sí. Nígbà tí o sì dùbúlẹ̀ síbi tó nawọ́ sí, màmá kò lè pe ọkọ wọn ní onírọ́ lójú àwọn ará àdúgbò. Wọ́n dákẹ́ títí ó fi kú.

“Látọjọ́ náà lọmọ mi ò ti wálé mọ́,” ni wọ́n wí. “Ilẹ̀ ẹ̀ ò mọ̀ pé ó lọ, báwo ló ṣe máa pè é padà? Tójú mi bá ṣú, kò sẹ́ni tó tún mọ ibẹ̀.”

Àánú wọn ṣe mí, inú sì bí mi sí ọ, Sandag, kí n má purọ́. Apá ibòmíràn pátápátá ni àpáta náà wà. Bí a bá lọ síbẹ̀, a ò ní dé òkè iyanrìn kílẹ̀ tó ṣú. Mo yíjú sí àwọn àlejò láti bẹ̀ wọ́n, àmọ́ ìyàwó tíṣà ti di màmá mú, ó ń gbé wọn wọ ọkọ̀.

Tíṣà ní, “Kí iyanrìn máa kọrin ẹ̀ fáwọn tó kù lónìí.”

Màmá ló ń tọ́ wa sọ́nà. Àpáta àkọ́kọ́ tí a dé, wọ́n fọwọ́ bà á, wọ́n ní òun kọ́. Atẹ́gùn ti ń gbé iyẹ̀pẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀, ẹ̀rù bà mí pé a ò ní rí i. Níbi kejì, wọ́n fọwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ àpáta títí wọ́n fi kan ihò kan, ọwọ́ wọn sì wọ inú rẹ̀ wẹ́kú. Ibẹ̀ ni wọ́n dì mú nígbà tí ìrora dé. Wọ́n gbé orí lé àpáta náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú àpò. Ẹ̀wù ìgbà èwe rẹ ni, èyí aláwọ ọ̀dọ́ àgùntàn. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ta wàrà sílẹ̀.

“Òun rèé,” ni wọ́n sọ fún ilẹ̀. “Ẹ má bínú sí i. Èmi ni mo dákẹ́.”

Tíṣà yọ fóònù, ó ní òun á fi sàmì sí ibẹ̀. Màmá ní, “Fóònù ẹ á kú kí n tó kú.” Ìyàwó tíṣà fẹ́ bu ilẹ̀ díẹ̀ kí a fi ránṣẹ́ sí ọ, màmá kọ̀, wọ́n ní ọmọ ló ń lọ bá ilẹ̀. Wọ́n wá mú ọwọ́ mi, wọ́n tì í bọ inú ihò yẹn, wọ́n dì í mú níbẹ̀ pẹ́.

“Ṣé ó ti mọ́ ẹ lọ́wọ́?”

Mo ní ó ti mọ́ mi lọ́wọ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n Gonchig kí ọ, ó ní òun ò ní gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Màmá ò mọ̀ pé mo kọ̀wé. Ojú wọn ṣì ríran díẹ̀ báyìí, wọ́n á ṣì rí ojú rẹ bí o bá tètè dé.

Èmi tí mo mọ ilẹ̀ rẹ,
Tsermaa.