Họ́ọ̀sì Tí Mo So Lọ́rùn

Ojúlé wa, Ìkéré-Èkìtì,
Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìkórè.

Tinúọlá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé Èkó ò tíì gbé ọ mì? Ọlọ́run tó mú ọ jáde láìfarapa yóò máa mú ọ wọlé láìfarapa, o ò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ kò ní wà lójú oorun nígbà tí o bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Àmín. Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Màmá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé uṣu ta lọ́dún yìí, pé ẹni tí kò bá wálé wá jẹ ńbẹ̀, kó má sọ pé wọn ò pe òun o.

Mercy ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń padà sí Èkó lọ́la, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, kí n tó dé ibi tó dùn, fóònù á ní owó ti tán. Bébà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí èèyàn.

O mọ̀ pé èmi ni mò ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ìjọ wa, ọdún kọkànlá rèé tí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ti wà lọ́rùn mi. Eléyìí tó ń mu dísẹ̀lì, tí ẹ̀yin ọmọ ìjọ tó wà lẹ́yìn odi dáwó rà fún wa, kò tíì pé ọdún méjì lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan ni dísẹ̀lì tó yẹ ká fi lo oṣù kan ti ń tán ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá Elizabeth, akápò wa, dìde nípàdé àwọn àgbà, ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni wí o, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà ti ní ìdílé kejì tó ń bọ́ ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo délé, mo ní kí màmá rẹ gbé iyán kúrò níwájú mi. Wọ́n ní bí ìkórè bá dé tí a ò rí ìdí ọ̀rọ̀, kí n gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Tinúọlá, ó dùn mí. Bàbá rẹ ò lówó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi olè pè é rí.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹ̀rọ náà. Mo rí họ́ọ̀sì kékeré kan tó ti orí ẹ̀rọ padà sínú táńkì, ó ń jò tó, tó, tó. Mo gbé abọ́ síbẹ̀. Kí ìsìn tó parí, abọ́ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ṣùgbọ́n iyanrìn á ti wọ inú rẹ̀, mi ò sì lè da iyanrìn sí ẹ̀rọ lọ́fun, ni mo bá ń gbé e lọ sílé láti fi ògbólógbòó ìborùn màmá rẹ sẹ́ ẹ, kí n tó dá a padà lọ́jọ́rú. Mi ò bò ó o. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lọ́nà ni mò ń kí, tí mo sì ń sọ fún pé kó yẹra, pé dísẹ̀lì ìjọ ni mo gbé, kó má ta sí i láṣọ. Àṣé bí mo ti ń kí wọn ni wọ́n ń ka iye abọ́! Ìgbà tí màmá rẹ sọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn mi fún mi ni ojú mi tó là.

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́, tí o fi fídíò òyìnbó tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe yẹn ránṣẹ́. Ọmọ mi, níbo lo ti mọ ọkùnrin yẹn? Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, kò dáhùn. Mo tún kí i, ó kọ̀yìn sí mi, ó ń tú nǹkan. Mo ṣàlàyé fún un pé jẹnẹrétọ̀ tiwa yàtọ̀ sí tirẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó mọ iṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò rí ẹ̀kọ́ ilé gbà. Mo bá pa fídíò náà, mo padà sí bí bàbá mi ṣe ń dí táńkì alùpùpù rẹ̀: mo fi ọṣẹ ìfọṣọ dí ibi tó ń jò. Ọṣẹ náà dúró dáadáa títí ẹ̀rọ fi gbóná, ló bá yọ́.

Mo wá jókòó, mo rò ó. Mo ní, kí ló tilẹ̀ dé tí dísẹ̀lì fi ń padà? Ní Ìkéré níbí, bí a bá gbé iyán fún àlejò, tó dá ìdajì padà, a mọ̀ pé inú ń bí i sí wa. Kí ni ìjọ ṣe fún ẹ̀rọ yìí tó fi ń dá oúnjẹ padà? Mo ní kó jẹ ẹ́ tán. Mo ká họ́ọ̀sì náà po, mo fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ so ó lọ́rùn gbọingbọin. Kò jò mọ́ rárá. Inú mi dùn, mo wọ agbádá mi lọ sí ìkórè.

Orin ìdúpẹ́ ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ìyá Elizabeth, tó ti ń ṣọ́ mi láti àárọ̀, sáré jù mí lọ sí ilé ẹ̀rọ, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tó kù nínú táńkì. Bó ti bẹ̀rẹ̀ pé kó wò ó ni họ́ọ̀sì já, dísẹ̀lì tú jáde, ó wẹ̀ ẹ́ láti gèlè dé bàtà. Léèsì funfun ló wọ̀ o! Ẹ̀rọ kú, iná kú, ó jáde sí gbangba, dísẹ̀lì ń kán lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún béèrè ibi tí dísẹ̀lì ń lọ, nítorí gbogbo ìjọ rí i lára akápò. Èmi náà gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì àwọn àgbà kí wọ́n tó ní kí n gbé e.

Faith ọmọ Ìgè, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nítòsí òkè Olósùnta, ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Ọmọbìnrin ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ nídìí iṣẹ́. Ó ní ẹ̀rọ náà ò bínú sí ẹnikẹ́ni, pé ohun tó ń fà máa ń pọ̀ ju ohun tó lè jó lọ, àṣẹ́kù gbọ́dọ̀ rọ́nà padà sí táńkì. Bí èèyàn bá dí ọ̀nà náà, á bẹ́ gba ibòmíràn. Ó gé họ́ọ̀sì tó ti gbẹ yẹn sọnù, ó fi tuntun sí i, ó fi kílíìpù dè é, ó pààrọ̀ àwọn wáṣà kéékèèké tó ń dí etí họ́ọ̀sì, tó ti jẹ. Lẹ́yìn náà ó nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, ó tan ẹ̀rọ, ó tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀. A jókòó tì í fún wákàtí kan. Ìyá Elizabeth fúnra rẹ̀ ló mú bébà náà, ó fọwọ́ pa á, ó gbé e sí imú. Ó gbẹ. Ó wá mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, ó fi kọ́ mi lọ́rùn, ó ní kí n má bínú. Omi bọ́ lójú mi, mo ní òórùn dísẹ̀lì ló fà á. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá béèrè pé léèsì òun ńkọ́.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyẹn, ọmọ mi: owó léèsì. Má fi sí báńkì o, àwọn yẹn máa ń tọ́ owó wò bí ẹní ń tọ́ ọbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún mi. Gbé e wá fúnra rẹ. Ọdún mẹ́ta rèé tí o ti jáde nílé yìí, mi ò sì bá ọ wí, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Faith ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́, mi ò sì gbà pé gbogbo rẹ ni Èkó lè jó tán. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lára rẹ, mú un wá fún wa ní Kérésì. Ọ̀nà rẹ kò ní dí láé.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.